Ìsọ̀rí gírámà mẹ́rin nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà: kí ni ẹ̀rọ ní láti rántí?

Ẹ dúró ní gáréèjì Ìkòròdú láàárọ̀, kí ẹ máa wo nọ́ńbà ara àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Lẹ́tà mẹ́ta, òǹkà mẹ́ta, lẹ́tà méjì. KRD ni ti Ìkòròdú níbí, EPE ni ti Ẹ̀pẹ́, BDG ni ti Àgbádárìgì. Bí ẹnì kan bá lẹ KRD-41-XAB mọ́ iwájú ọkọ̀ tirẹ̀, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá lójú títì pàápàá á mọ̀ pé ayédèrú ni. Kò mọ ẹni tó ni ọkọ̀, kò sì mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Bí àwọn àmì náà ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nìkan ló wò.

Ohun tí wọ́n ń pè ní formal grammar nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kò ju ìyẹn lọ: òfin tó ń sọ irú ìtò àmì tó tọ́ àti irú èyí tí kò tọ́, láìbèèrè ìtumọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni ìsọ̀rí mẹ́rin tí wọ́n pín in sí, láti Type 0 dé Type 3. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà lágbègbè wa máa ń kọ́ ọ sórí fún ìdánwò bí ẹni kọ́ oríkì. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n kà láti òkè dé ilẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe." Èsì mi kò pọ̀. Mo ní kó pa ìrísí àwọn òfin yẹn tì ná, kó bèèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òsì sí ọ̀tún, kí ló gbọ́dọ̀ rántí kó tó lè sọ pé ó tọ́?

Noam Chomsky, onímọ̀ ẹ̀dá èdè ará Amẹ́ríkà, ló pín gírámà báyìí nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1956 àti 1959. Èdè ènìyàn ló ń wádìí, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àwọn oníkọ̀ǹpútà wá yá a lò, wọn ò sì dá a padà mọ́.

Irú gírámà yìí ń lo àmì oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni àmì gidi tí ojú ń rí: lẹ́tà, òǹkà, akámọ́. Èkejì ni èyí tí mo máa ń pè ní adelé, nítorí pé kì í pẹ́ lórí àga. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí á fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Òfin kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun tí a lè fi rọ́pò adelé kan. A ó bẹ̀rẹ̀ láti orí adelé kan, a ó máa rọ́pò títí tí kò fi ní sí adelé kankan nílẹ̀ mọ́. Ohun tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó tọ́ nínú èdè náà. Ẹni tó kọ́ Yorùbá dé ìparí ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì ti rí irú rẹ̀ rí:

Gbólóhùn → APOR APIṢ
APOR → Ṣadé | ẹja
APIṢ → jẹ APOR | sùn

APOR ni àpólà orúkọ, APIṢ ni àpólà ìṣe. Ìlà tó dúró ṣánṣán yẹn dúró fún "tàbí". Pẹ̀lú òfin mẹ́ta yìí, "Ṣadé jẹ ẹja" tọ́, "Ẹja jẹ Ṣadé" náà tọ́. Bóyá ẹja lè jẹ ènìyàn, gírámà ò dá sí i.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Type 3, tí wọ́n tún ń pè ní regular. Nọ́ńbà rẹ̀ ló tóbi jù, agbára rẹ̀ ló kéré jù. Ẹni tó fún wọn ní nọ́ńbà kò rò ti akẹ́kọ̀ọ́. Òfin Type 3 gbà kí adelé kan di àmì gidi kan, kí adelé kan ṣoṣo sì tẹ̀ lé e, tàbí kó má sí adelé kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà ọkọ̀ Ìkòròdú á bẹ̀rẹ̀ báyìí:

Ìbẹ̀rẹ̀ → K Ìkejì
Ìkejì → R Ìkẹta
Ìkẹta → D Ìkẹrin
Ìkẹrin → 0 Ìkarùn-ún | 1 Ìkarùn-ún | 2 Ìkarùn-ún, títí dé 9

Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa lọ títí àmì kẹjọ á fi pé. Ẹ kíyè sí i pé adelé kan ṣoṣo ló ń wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kò ní láti rántí ju ohun kan lọ: ibo ni mo dé? Àwọn ibùdó tó lè dé níye, iye wọn kì í sì í yí padà, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà gùn tó. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ Type 3 gbọ́dọ̀ kúrú. "Ẹ káàárọ̀ ooooo" tí àwọn ènìyàn ń kọ sórí WhatsApp lè ní "o" mẹ́ta tàbí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, òfin kan ṣoṣo ló gbé e: O → o O | o. Ẹ̀rọ náà ò ka iye "o". Ó kàn mọ̀ pé òun ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń kọ "o".

Iṣẹ́ Stephen Kleene ní àwọn ọdún 1950 ló jẹ́ ká mọ ohun tí irú ẹ̀rọ yìí lè dá mọ̀ àti ohun tí kò lè dá mọ̀. Ní 1968, Ken Thompson kọ nípa bí a ṣe lè fi wá ọ̀rọ̀ kíákíá nínú kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ grep sì tinú iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ohun tí àwọn tó ń kọ pírógíráàmù ń pè ní regex lónìí, ìyẹn àkọsílẹ̀ kúkúrú tó ń sọ irú ìtò àmì tí à ń wá, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Nígbà tí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì bá kọ nọ́ńbà fóònù yín nítorí pé òǹkà mẹ́wàá lẹ tẹ̀ dípò mọ́kànlá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ regex ló lé yín padà.

Wàyí o, ẹ wo gbólóhùn yìí:

Ẹja tí obìnrin tí mo rí rà ti bàjẹ́.

Ta ló rí? Èmi ni. Ta ló rà? Obìnrin ni. Kí ló bàjẹ́? Ẹja ni. Bí wọ́n ṣe wọlé ni ẹja, obìnrin, mo. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń retí wá dé ní ìdà kejì: rí, rà, bàjẹ́. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ rí ẹnì kejì rẹ̀. Gírámà Type 2, tí wọ́n ń pè ní context-free, ló lè gbé irú èyí, nítorí pé ó gbà kí adelé wà láàárín, kí àmì wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó mọ́ jù nínú irú gírámà bẹ́ẹ̀ ni ti akámọ́:

A → ( A ) A | òfo

Òfo túmọ̀ sí pé a lè pa adelé rẹ́ láìfi nǹkan kan dípò rẹ̀. Gbogbo ìtò akámọ́ tó ṣí tó sì padé dáadáa, bí (()()) àti ((())), ló ń jáde láti inú òfin kan yìí. Èyí tí kò padé dáadáa kò lè jáde.

Ìrántí tí ẹ̀rọ Type 2 nílò dà bí apẹ̀rẹ̀ tí obìnrin ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ń tò lé ara wọn: èyí tó gbé lé e kẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ gbé kúrò, kò sì sí bó ṣe máa fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé ti òkè. Bí ẹ̀rọ bá rí akámọ́ tó ṣí, á gbé ọ̀kan lé e. Bó bá rí èyí tó padé, á gbé ọ̀kan kúrò. Bí ọ̀rọ̀ bá tán tí ìtòléra náà sì ṣófo, ọ̀rọ̀ tọ́. Ìtòléra yìí lè ga débi tó bá wù ú, ohun tó sì fi ju Type 3 lọ nìyẹn.

Kí ló dé tí Type 3 ò lè ṣe é? Ká ní ẹ̀rọ Type 3 kan ní ibùdó mẹ́wàá. Ẹ fún un ní akámọ́ tó ṣí: òdo, ọ̀kan, méjì, títí dé mẹ́wàá. Oríṣi mọ́kànlá nìyẹn, ibùdó mẹ́wàá ló sì wà, torí náà oríṣi méjì gbọ́dọ̀ bára wọn ní ibùdó kan náà. Ká ní akámọ́ mẹ́ta àti akámọ́ mẹ́jọ ló bára wọn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀rọ yẹn ò lè mọ̀ bóyá mẹ́ta ló ń retí pé kó padé tàbí mẹ́jọ. Bó bá gbà pé mẹ́ta tó ṣí àti mẹ́ta tó padé tọ́, dandan ni kó gba mẹ́jọ tó ṣí àti mẹ́ta tó padé náà. Ẹ fi ibùdó kún un títí dé ẹgbẹ̀rún, wàhálà náà á kàn sún síwájú ni.

Àṣìṣe kan wà níbí tí mo máa ń bá pàdé gan-an. Àwọn kan rò pé ibikíbi tí adelé bá ti pe ara rẹ̀ padà, Type 2 ti dé. Rárá o. "Adé sọ pé Ṣọlá sọ pé Kúnlé sọ pé òjò ń bọ̀" lè gùn títí láé, Type 3 á gbé e láìlàágùn, nítorí pé ìparí ni ìpadàbọ̀ yẹn wà, kò sí gbèsè kankan tí a ń jẹ sílẹ̀. Ìgbà tí nǹkan bá wà lápá òsì tó ń retí nǹkan lápá ọ̀tún, tí ààrin wọn sì ń wú, ni ìtòléra di dandan.

Àṣìṣe kejì bá a tan: gírámà àti èdè kì í ṣe ohun kan náà. Òfin ni gírámà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí òfin náà ń mú jáde ni èdè. Òfin S → a S | S a | a kò bá ìrísí Type 3 mu, àmọ́ ohun tó ń mú jáde kò ju "a" tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ, èdè Type 3 pọ́ńbélé sì ni. Bí wọ́n bá bi yín nínú ìdánwò pé irú ìsọ̀rí wo ni èyí, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gírámà ni wọ́n ń bèèrè tàbí èdè.

Ọ̀dọ̀ Type 2 ni àwọn tó ń ṣe èdè pírógíráàmù, ìyẹn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, fìdí kalẹ̀ sí. John Backus, tó darí iṣẹ́ lórí FORTRAN, ọ̀kan nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, ní iléeṣẹ́ IBM, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 1959 láti kọ òfin èdè tuntun kan. Peter Naur, ará Denmark, tún un ṣe, ó sì fi kọ ìròyìn tó ṣàlàyé èdè pírógíráàmù ALGOL 60 ní 1960. Títí dòní, irú àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n ṣì ń fi ṣàlàyé èdè pírógíráàmù. Àmọ́ ALGOL 60 ṣubú sínú kòtò kan tí ọ̀pọ̀ gírámà Type 2 ń sún mọ́. Ẹ wo "ọmọ olùkọ́ tuntun". Ṣé ọmọ ni tuntun ni àbí olùkọ́? Gírámà lè kọ́ ọ lọ́nà méjèèjì. Nínú ALGOL, tí "if" (bí) méjì bá wọnú ara wọn tí "else" (bí bẹ́ẹ̀ kọ́) kan ṣoṣo sì tẹ̀ lé wọn, kò ṣe kedere "if" tó ni "else" náà. Bí ènìyàn bá gbọ́ "ọmọ olùkọ́ tuntun", á wo ojú ẹni tó sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà ò ní ojú tó máa wò. Ohun tó sì burú jù ni pé kò lè sí pírógíráàmù kan láyé yìí tí yóò gba gírámà Type 2 èyíkéyìí, tí yóò sì máa sọ fún wa nígbà gbogbo bóyá irú ìmúdiyèméjì bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi ìṣirò ṣe ẹ̀rí pé kò ṣeé ṣe.

Àkókò tí ẹ̀rọ ń ná náà yàtọ̀. Type 3 ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ọ̀nà kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa fún Type 2 lápapọ̀, tí wọ́n fi orúkọ Cocke, Younger àti Kasami pè, lè lo àkókò ìlọ́po mẹ́jọ bí ọ̀rọ̀ bá gùn ní ìlọ́po méjì. Ní 1965 ni Donald Knuth fi hàn pé bí a bá ṣe gírámà náà pẹ̀lú ìṣọ́ra, a lè ka ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan láti òsì sí ọ̀tún kí iṣẹ́ sì parí. Ìdí rèé tí àwọn tó ń ṣe èdè pírógíráàmù fi ń ṣọ́ òfin wọn lójú méjèèjì.

Ṣé Type 2 tó fún èdè ènìyàn? Ibí yìí ni Yorùbá ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ìtòléra dára fún ohun tó ń padà bọ̀ ní ìdà kejì, àmọ́ kò wúlò fún àdàkọ, níbi tí ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu, tí ti kejì bá ti kejì mu. Ohun tí ẹ nílò ti wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àwa sì fẹ́ràn àdàkọ. A ń sọ pé "Rírà tí Adé ra ẹja dùn mọ́ mi", a sì lè da àpólà ìṣe náà kọ lódindi: "Ríra ẹja tí Adé ra ẹja." Bí àpólà náà ṣe ń gùn sí i ni àdàkọ rẹ̀ ń gùn. Ní 2006, nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní University of California ní Los Angeles, Gregory Kobele mú irú gbólóhùn Yorùbá báyìí láti jiyàn pé gírámà tó máa gbé èdè ènìyàn gbọ́dọ̀ lè ṣe àdàkọ. Ṣáájú rẹ̀, ní 1985, Stuart Shieber ti lo èdè Jámánì tí wọ́n ń sọ ní Switzerland láti fi hàn pé Type 2 kò tó: níbẹ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ lè tò ṣáájú, kí ọ̀rọ̀ ìṣe wọn sì tẹ̀ lé e ní ètò kan náà, láìdà kejì. Aravind Joshi dábàá ní àwọn ọdún yẹn pé èdè ènìyàn kàn ga ju Type 2 lọ díẹ̀ ni, kò jìnnà.

Òkè yẹn ni Type 1, context-sensitive. Òfin rẹ̀ lè wo aládùúgbò kó tó rọ́pò: adelé yìí lè di èyí, bí tọ̀hún bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ní irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ohùn Yorùbá: "rà" ń di "ra" bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, bíi "ra ẹja". Ẹ má jẹ́ kí ìrísí rẹ̀ tàn yín ṣá, nítorí pé Douglas Johnson fi hàn ní 1972 pé ẹ̀rọ Type 3 lè ṣe òfin ìró bí ìwọ̀nyí, bí òfin náà kò bá ti ń padà ṣiṣẹ́ lórí èsì ara rẹ̀. Ohun tó nílò Type 1 lóòótọ́ ni àdàkọ, àti ohun bí "a", "b" àti "c" tí iye wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba: aabbcc tọ́, aabbc kò tọ́. Ìtòléra lè fi "a" wọn "b", àmọ́ nígbà tó bá fi máa kan "c", apẹ̀rẹ̀ ti tán. Òfin Type 1 kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ di kúkúrú, torí náà àyè tí ẹ̀rọ nílò láti fi ṣe ìṣirò kò ju ìwọ̀n gígùn ọ̀rọ̀ náà lọ. Kuroda, onímọ̀ ẹ̀dá èdè kan, bèèrè ní 1964 bóyá irú ẹ̀rọ yìí á lágbára sí i bí a bá gbà á láyè láti méfò. Wọn ò tíì rí ìdáhùn di òní.

Type 0 kò ní ìdènà kankan. Òfin rẹ̀ lè gùn, ó lè kúrú, ó lè pa nǹkan rẹ́. Agbára rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rọ tí Alan Turing ṣàpèjúwe ní 1936, èyí túmọ̀ sí pé ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà lè ṣírò, ó lè ṣe é. Bí ọ̀rọ̀ bá tọ́, ẹ̀rọ á pàpà sọ bẹ́ẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Bí kò bá tọ́, ó lè máa ṣiṣẹ́ lọ títí láé láìsọ nǹkan kan, ẹ̀yin tó jókòó tì í ò sì ní mọ̀ bóyá ó kù díẹ̀ ni.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé agbára púpọ̀ ló dára jù. Èmi ò gbà. Bí gírámà bá ṣe ń lágbára sí i ni ohun tí a lè mọ̀ nípa rẹ̀ ń dín kù. Ẹ fún mi ní gírámà Type 3 méjì, kọ̀ǹpútà á sọ fún yín bóyá èdè kan náà ni wọ́n. Ẹ fún mi ní Type 2 méjì, kò sí pírógíráàmù tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn ní gbogbo ìgbà.

Ọ̀pọ̀ regex òde òní gan-an ti ju Type 3 lọ, nítorí pé wọ́n fún un láyè láti rántí ohun tó ti rí kó sì bèèrè àdàkọ rẹ̀. Láti lè ṣe èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dán ọ̀nà kan wò, ń padà sẹ́yìn, ń dán òmíràn wò, kódà nígbà tí iṣẹ́ tó wà níwájú wọn kò ju Type 3 lọ. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Keje 2019, regex kan ṣoṣo tí wọ́n fi sínú ẹ̀rọ Cloudflare, iléeṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bù ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ṣe irú ìpadàsẹ́yìn yìí títí ó fi gbé gbogbo agbára kọ̀ǹpútà wọn mì, àìmọye wẹ́ẹ̀bù káàkiri ayé sì dákẹ́ fún bí ìdajì wákàtí.

Pírógíráàmù tó ń ka èdè pírógíráàmù kì í fi gírámà kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́. Ìpele àkọ́kọ́ ń gé ìwé náà sí ọ̀rọ̀ kéékèèké, Type 3 nìyẹn. Ìpele kejì ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wọnú ara wọn, Type 2. Bóyá ẹ ti dárúkọ nǹkan kan kí ẹ tó lò ó, ìyẹn ti kọjá agbára Type 2, ìpele kẹta ló sì ń fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà tó wà láàárín wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gún. Python, tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í lo akámọ́ láti fi hàn pé nǹkan wà nínú nǹkan. Àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ló ń lò. Nítorí náà ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀, tó yẹ kó jẹ́ Type 3 lásán, yá ìtòléra kan, ó ń gbé iye àlàfo lé e, ó sì ń gbé e kúrò. Bó bá wá kọ "unindent does not match any outer indentation level" sójú kọ̀ǹpútà yín, ohun tó ń sọ ni pé ìlà yín padà sẹ́yìn dé iye àlàfo kan, òun wo inú ìtòléra náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ò sì bá iye yẹn níbẹ̀.